Ta Ni Kí A Fi Ọkàn Tí A Ti Pa Lára Lé Lọ́wọ́?

Àlàyé fún ìjọ àti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run lórí yíyan olùdámọ̀ràn tòótọ́ fún ẹni tí ó jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ ìsìn akónilẹ́rú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 2022, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé ìjọsìn kan ní ìlú Oǹdó, wọ́n sì kó ènìyàn 77 jáde láti ibẹ̀. Ọmọdé 26 àti ọ̀dọ́langba 8 wà nínú wọn. Àwọn ọlọ́pàá ṣàlàyé pé a ti sọ fún àwọn ará ìjọ náà pé ní oṣù Kẹrin ni Olúwa yóò wá gba àwọn ènìyàn rẹ̀ sókè. Nígbà tí oṣù Kẹrin kọjá, wọ́n sún ọjọ́ náà sí oṣù Kẹsàn-án. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, èyí tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Nínú igbó Shakahola, òkú tí ó ju 400 lọ ni wọ́n hú jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti kọ́ pé kí wọ́n fi ebi pa ara wọn kí wọ́n lè tètè rí Jésù. Ohun tí ó yẹ kí ó mú wa ronú ni pé àwọn kan nínú àwọn tí a yọ láàyè nínú igbó náà ṣì kọ̀ láti jẹun. Ara wọn ti jáde. Ọkàn wọn kò tíì jáde.

Ìwé ìròyìn kọ ọ́, rédíò kéde rẹ̀, gbogbo wa sì mi orí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn gbòde. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè: nígbà tí ìlẹ̀kùn bá ti ṣí tán, ta ni yóò jókòó ti ẹni tí ó jáde? Ta ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, báwo ni a ó sì ṣe mọ̀ pé ẹni náà kò ní kó o lẹ́rú lẹ́ẹ̀kejì? Orí ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Irú ẹgbẹ́ wo ni à ń sọ?

Kì í ṣe gbogbo ìjọ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa ni ó ń kó ènìyàn lẹ́rú. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ nìkan ni a fi ń wọn ọ̀rọ̀ yìí, olúkúlùkù ni yóò máa pe aládùúgbò rẹ̀ ní ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn. Ohun tí a ń wò ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo agbára lórí ènìyàn. Robert Jay Lifton, dókítà ọpọlọ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tí ìjọba ilẹ̀ Ṣáínà ti gbìyànjú láti yí èrò inú wọn padà lẹ́nu wò, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1961. Àmì 8 ni ó kọ sílẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn nìyí: wọ́n a máa ṣọ́ ẹni tí ènìyàn lè bá sọ̀rọ̀ àti ohun tí ó lè kà, wọ́n a béèrè ìwà mímọ́ tí ẹ̀dá kankan kò lè dé, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ a di ohun ìjà lọ́wọ́ olórí, a kì í bi ẹ̀kọ́ wọn léèrè, ẹni tí ó bá wà lóde ẹgbẹ́ kò jámọ́ nǹkan kan mọ́ lójú wọn. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní àwọn àmì wọ̀nyí lè máa lo Bíbélì, ó lè máa kọ orin tí àwa náà ń kọ, síbẹ̀ kí ó máa kó ènìyàn lẹ́rú.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ilé ẹ̀kọ́ gíga yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ìpànìyàn àti òfin ìlú wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá jáde nínú ìyẹn nílò ààbò ẹ̀mí àti agbẹjọ́rò ṣáájú ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ó sọ nísàlẹ̀ yìí bá a mu pẹ̀lú.

Ẹrù tí ẹni tí ó jáde ń gbé

Ọ̀pọ̀ ìdílé a máa rò pé bí ọmọ bá ti padà wálé, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni náà ti lè pàdánù iṣẹ́, ẹ̀kọ́, owó, àti ọ̀rẹ́ gbogbo. Ó lè ti jẹ́ pé ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ìtìjú a máa bò ó pé òun, ọmọ ilé ìwé, ni a tàn jẹ báyìí. Ẹ̀rù a máa bà á pé ègún tí wọ́n gbé lé àwọn tí ó bá jáde yóò ṣẹ. Bí ó bá yọ ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà, á ní ègún náà ti dé. Nítorí pé ọdún púpọ̀ ni ẹlòmíràn ti ń pinnu ohun gbogbo fún un, ó lè ṣòro fún un láti yan aṣọ tí yóò wọ̀. Orin kan tàbí ọ̀rọ̀ kan péré lè gbé ọkàn rẹ̀ padà sí ibi tí ó ti kúrò, bí ẹni pé kò jáde rí. Margaret Singer, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tí ó bá ọ̀pọ̀ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ̀rọ̀, kọ nípa ipò yìí nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn kò lè ṣí Bíbélì mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra Ọlọ́run. Ohùn ẹni tí ó fi Bíbélì nà wọ́n ni wọ́n ń gbọ́ bí wọ́n bá ti ń kà á. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹ jẹ́ kí a má ṣe yára sọ pé ẹ̀mí èṣù ni, kí a má sì yára sọ pé wèrè ni. Ọgbẹ́ ni, ọgbẹ́ a sì máa san bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ìdí tí a kò fi lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré

Ẹni tí ó jáde ń wá ẹni tí yóò sọ ohun tí ó tọ́ fún un. Ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ náà kọ́ ọ nìyẹn, pé kí ó máa wá olórí. Nítorí náà, ó rọrùn púpọ̀ fún un láti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kan kí ó bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Bí olùdámọ̀ràn bá jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn kí a máa wólẹ̀ fún òun, ó ti rí ẹran tí ó ti kú sílẹ̀ dè é.

Ìtàn kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan lórí èyí. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, àwọn òbí kan bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn tí yóò jí ọmọ wọn gbé kúrò nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọn yóò tì í mọ́lé, tí wọn yóò sì máa bá a jà ní ọ̀rọ̀ títí yóò fi sọ pé òun ti jáwọ́. Ted Patrick ni orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ó sì ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1991, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan, ọmọ ìjọ kan ní ìpínlẹ̀ Washington. Ó pe ẹjọ́. Ní ọdún 1995, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san owó tí ó ju mílíọ̀nù 4 dọ́là lọ fún un, àjọ tí ẹjọ́ náà kàn sì wọ gbèsè títí ó fi tú ká. Ìfẹ́ òbí ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n a kò lè fi ẹ̀wọ̀n wo ẹni tí ẹ̀wọ̀n pa lára sàn.

Kí a má sì rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni ó wà. Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn tí a fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní Nàìjíríà nítorí pé ọkàn wọn kò balẹ̀. Ilé ìjọsìn Kristẹni wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti rí wọn. Ọ̀rọ̀ wa ni èyí o. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́.

Oríṣi olùrànlọ́wọ́ tí ó wà

Olùṣọ́àgùntàn ni àkọ́kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbàdúrà, láti dúró ti ẹni náà, àti láti dáhùn ìbéèrè nípa ìgbàgbọ́ nígbà tí ẹni náà bá fúnra rẹ̀ bèèrè. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, irú èyí tí èmi pàápàá ní, kò sọ ènìyàn di olùwòsàn ọgbẹ́ ọkàn.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni olùdámọ̀ràn àti onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì lórí bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ tí a sì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni dókítà ọpọlọ, ẹni tí ó lè kọ oògùn. Bí ẹni náà kò bá lè sùn fún ọjọ́ púpọ̀, bí kò bá jẹun, bí ó bá ń sọ pé ikú sàn ju ìyè lọ, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ, kì í ṣe orí òkè. Ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta wà, ti Yaba ní Èkó wà, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ sì wà ní UCH ní Ìbàdàn. Dókítà gbọ́dọ̀ ní orúkọ lọ́dọ̀ àjọ MDCN, kí ó sì máa sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀tọ́ aláìsàn sílẹ̀ kedere.

Ẹ̀yin ará wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kíyè sí i pé lábẹ́ òfin ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ni ó lè pe ara rẹ̀ ní olùdámọ̀ràn. Nítorí náà, ẹ wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àjọ bíi BACP. Bí ó bá sì ní onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tí ń tọ́jú aláìsàn ni òun, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé HCPC. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, ẹ sì lè béèrè nọ́ńbà rẹ̀.

Ìbéèrè méje tí ó yẹ kí a bi olùdámọ̀ràn

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kò sí ìwà àrífín nínú kí a bi olùdámọ̀ràn léèrè. Àwọn ará Bèríà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17 yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ wò nínú Ìwé Mímọ́, ìyìn ni a sì fún wọn. Ẹni tí ó bá bínú nítorí ìbéèrè ti dáhùn ìbéèrè náà.

Èkínní: Níbo ni ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́, àjọ wo ni ó sì mọ̀ yín? Ẹni tòótọ́ yóò dáhùn láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Èkejì: Ǹjẹ́ ẹ ti ran ẹni tí ó jáde nínú irú ẹgbẹ́ yìí lọ́wọ́ rí? Bí kò bá tíì ṣe é rí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí ó bá sọ òtítọ́ tí ó sì ṣe tán láti kọ́. Ẹni tí òun náà ti wà nínú ẹgbẹ́ rí wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ìrírí nìkan kò tó. Paul Martin, ará Amẹ́ríkà kan, ti wà nínú irú ẹgbẹ́ Kristẹni bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn tí ó jáde, ó kọ́ ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ó sì dá ilé ìsinmi Wellspring sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ọdún 1986 fún àwọn tí ó jáde. Ó kọ́kọ́ wo ọgbẹ́ tirẹ̀, ó kẹ́kọ̀ọ́, kí ó tó fọwọ́ kan ọgbẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta: Ta ni yóò gbọ́ ohun tí mo bá sọ fún yín? Ìdáhùn tí ó yẹ ni pé kò sí ẹni kankan, àyàfi bí ẹ̀mí ènìyàn tàbí ọmọdé bá wà nínú ewu. Kí ó sọ ààlà yìí ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹrin: Èló ni, ìgbà mélòó ni a ó sì máa rí ara wa? Kí owó náà jẹ́ iye tí a mọ̀. Kì í ṣe ọrẹ àtinúwá tí kò lópin, kì í ṣe irúgbìn ìgbàgbọ́, kì í sì í ṣe pé kí ẹni náà máa bá olùdámọ̀ràn ṣiṣẹ́ nílé.

Ẹ̀karùn-ún: Kí ni ẹ ó ṣe nípa ìgbàgbọ́ mi? Olùdámọ̀ràn kan lè fẹ́ gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òmíràn lè fẹ́ fi tipátipá gbé e padà sí ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀. Àwọn méjèèjì ṣìnà. Ẹni náà ni yóò pinnu, ní àkókò tirẹ̀.

Ẹ̀kẹfà: Ta ni ẹ máa ń fi iṣẹ́ yín hàn? Olùdámọ̀ràn rere ní àgbà iṣẹ́ tí ó ń bá a yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ẹni tí kò ní ẹni tí ó lè bá a wí léwu.

Èkeje: Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ti parí? Ète olùdámọ̀ràn ni pé kí a má nílò òun mọ́.

Àmì tí ó fi hàn pé kí a tètè padà lẹ́yìn rẹ̀

Bí ó bá ní òun nìkan ni ó lè wò ọ́ sàn, padà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ní kí o má ṣe bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀, bí ó bá ń pè ọ́ ní òru, bí ó bá ń fọwọ́ kàn ọ́ ní ọ̀nà tí kò yẹ, tí ó bá ń yá owó lọ́wọ́ rẹ, padà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ń fi ohun tí o jẹ́wọ́ fún un lánàá halẹ̀ mọ́ ọ lónìí, sá. Ó dára kí obìnrin tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà ní àǹfààní láti yan obìnrin bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí a sì fi sùúrù ṣe é. Judith Herman, dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1992 pé ìwòsàn irú ọgbẹ́ yìí ní ìpele mẹ́ta: kí ẹni náà kọ́kọ́ wà ní ààbò; lẹ́yìn náà kí ó rántí kí ó sì ṣọ̀fọ̀ ohun tí ó sọnù; lẹ́yìn náà kí ó padà sí àárín àwọn ènìyàn. Olùdámọ̀ràn tí ó bá ń fa gbogbo ìtàn jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí kò tíì ní ibi tí yóò sùn, ti fò kọjá ìpele kìíní.

Ilẹ̀ wa pẹ̀lú ní ohun tí ó fi kún ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo wà ní Àrò ní àwọn ọdún 1950, ó ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé ni ó wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Ẹbí tí ó gbé oúnjẹ wá, tí kò sì bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, wà lára ìwòsàn náà.

Ọ̀rọ̀ sí àwa òjíṣẹ́ àti àwa tí ń kọ ìròyìn ìjọ

N kò lè pa ẹnu mọ́ lórí ẹ̀bi tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tí ó ti lo ọdún mẹ́rin nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ padà sáàárín wa. Inú gbogbo wa dùn. Ó jẹ́rìí ní ọjọ́ Ìsinmi, èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ìròyìn sì gbé ẹ̀rí náà jáde pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Mo bi í bóyá ó fọwọ́ sí i, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ohun tí n kò rò ni pé ẹni tí a ti kọ́ fún ọdún mẹ́rin pé kò gbọdọ̀ sọ pé rárá fún àgbà ìjọ kò tíì lè sọ pé rárá fún èmi náà. Kò pẹ́ tí àwọn ará ẹgbẹ́ àtijọ́ rẹ̀ fi rí i kà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpè dà á láàmú. Àwọn aládùúgbò ń nàka sí i. Ó dẹ́kun wíwá. Nígbà tí mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n ìjọ mìíràn ni ó ń lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe òfin fún ara wa. Kí a má ṣe mú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wá sí iwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Kí a má ṣe fi ìtàn rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù, àní bí a kò bá dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ìjọ mọ ẹni tí à ń sọ. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan wá olùdámọ̀ràn méjì tàbí mẹ́ta tí ó ti yẹ̀ wò, kí ó sì ní orúkọ wọn sílẹ̀ kí ìṣòro tó dé. Bí agbára bá wà, kí a bá ẹni náà san owó ìtọ́jú, láìsọ pé ó di dandan kí ó máa jọ́sìn lọ́dọ̀ wa. Kí a sì yẹ ara wa wò pẹ̀lú àwọn àmì tí a kà lókè: ǹjẹ́ a lè bi àwa náà léèrè? Orí 34 ìwé Wòlíì Esekíẹ́lì kò bá àwọn tí ó wà lóde wí. Àwọn olùṣọ́àgùntàn tí ń jẹ àgbò tiwọn ni ó bá wí.

Ẹ rántí Lásárù nínú ìwé Jòhánù orí 11. Ohùn Olúwa ni ó pè é jáde kúrò nínú ibojì, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jáde, aṣọ òkú ṣì wà lára rẹ̀, àwọn tí ó dúró níbẹ̀ ni Jésù sì ní kí wọ́n tú u. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni títú náà jẹ́, iṣẹ́ jẹ́jẹ́ sì ni, nítorí pé ara ẹni tí ó wà nínú aṣọ náà ṣì ń dun ún. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní jẹ́jẹ́, kí ó sì sọ ọwọ́ tiwa náà di irú rẹ̀. Àmín.